Ìtàn Àwọn Ààrẹ Ilẹ̀ Nàìjíríà àti Ẹ̀kọ́ Tí Ó Wà Níbẹ̀ fún Ẹgbẹ́ Wa

  

Wọ́n ní kí àwa aṣàyẹ̀wò ìwé ẹgbẹ́ wá sọ̀rọ̀ lórí yíyan olóyè, nítorí pé ìpàdé ọlọ́dọọdún kù sí dẹ̀dẹ̀. A rò ó pé bí a bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka òfin fún yín láti orí kan dé èkejì, oorun ni yóò gbé ọ̀pọ̀ lọ. Nítorí náà ìtàn ni a mú wá, ìtàn àwọn Ààrẹ orílẹ̀-èdè wa. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń lọ sí ìdíje ìbéèrè ní ilé ìwé, kí ó fetí sílẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ kí owó ẹgbẹ́ rẹ̀ há sí báǹkì, kí òun náà fetí sílẹ̀.

Ta ni Ààrẹ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà? Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò dáhùn pé Alhaji Shehu Shagari ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Dókítà Nnamdi Azikiwe ni. A gba òmìnira ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 1960, ṣùgbọ́n fún ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì ni olórí wa. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 1963 ni a tó ní Ààrẹ tiwa. Ará ìlú kò dìbò fún un. Orúkọ Azikiwe gan-an ni wọ́n kọ sínú ìwé òfin 1963, pé kí a kà á sí ẹni tí a ti yàn.

Ààrẹ ìgbà náà kò ní àṣẹ púpọ̀. Ọwọ́ Olóòtú Ìjọba, Alhaji Abubakar Tafawa Balewa, ni àṣẹ wà. Nígbà tí ìbò oṣù Kejìlá 1964 dá ìjà sílẹ̀, Azikiwe kọ̀, kò ní kí Balewa wá dá ìjọba sílẹ̀. Fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ọkàn gbogbo ìlú kò balẹ̀, títí wọ́n fi parí rẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù Kìíní 1965. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní oṣù Kìíní 1966, Azikiwe wà ní òkè òkun fún ìtọ́jú ara rẹ̀. Nwafor Orizu, olórí Ilé Ìgbìmọ̀ Àgbà, ni ó ń delé dè é, òun ni ó sì kéde pé ìjọba ti bọ́ sọ́wọ́ Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi.

Ironsi, Gowon, Murtala Muhammed àti Obasanjo, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó pe ara rẹ̀ ní Ààrẹ nígbà ìjọba ológun. Babangida nìkan ni ológun tí ó jẹ́ orúkọ náà, láti oṣù Kẹjọ 1985. Bí wọ́n bá sì bi yín léèrè pé àwọn wo ni ó ti ṣe olórí nínú aṣọ ológun tí wọ́n tún padà wá nínú agbádá, méjì ni wọ́n: Obasanjo àti Buhari.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ti ìṣirò. Ní 1979, òfin sọ pé ẹni tí yóò di Ààrẹ gbọ́dọ̀ ní ìbò tí ó pọ̀ jù, kí ó sì ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò, ó kéré tán, ní ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ 19 ni a ní. Ẹ bá wa pín in: ó jẹ́ 12 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta. Shagari ní ìbò 5,688,857. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 4,916,651. Shagari ní ìdá kan nínú mẹ́rin ní ìpínlẹ̀ 12, ṣùgbọ́n ní Kano, tí ì bá jẹ́ ìkẹtàlá, ìbò rẹ̀ kò tó o. Àwọn kan ní ìpínlẹ̀ kì í ṣe iṣu tí a lè fi ọ̀bẹ gé, nítorí náà 13 ni òfin ń bèèrè. Àwọn kejì ní ìdá méjì nínú mẹ́ta Kano náà ti tó. Ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá Shagari láre. Nínú adájọ́ 7, Adájọ́ Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́ nìkan ni ó dá ìdájọ́ tirẹ̀ sí ọ̀tọ̀. Ó ku ọjọ́ márùn-ún péré kí àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀.

A kò wá síhìn-ín láti tún ẹjọ́ náà dá. Ohun tí a ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí wọ́n yanjú nígbà tí wọ́n ń kọ òfin, wọ́n jẹ́ kí ó di ọjọ́ ìjà. Lẹ́yìn ìbò 2023 pàápàá, ọ̀rọ̀ kékeré kan bí "àti", tí ó wà láàrin àwọn ìpínlẹ̀ àti Àbújá nínú ìwé òfin, di ẹjọ́ tí ó dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ. Ẹ̀yin náà, ẹ lọ wo ìwé òfin ẹgbẹ́ yín. Bí ó bá sọ pé ìdá méjì nínú mẹ́ta ọmọ ẹgbẹ́ ni yóò pé kí ìpàdé tó lè yọ olóyè, tí ẹ sì jẹ́ 40, ènìyàn mélòó ni? Ṣé 26 ni àbí 27? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ nísinsìnyí tí inú gbogbo yín ṣì dùn sí ara yín.

Èyí tí ó ká wa lára jù ni ti lẹ́tà. Umaru Musa Yar'Adua gba ìjọba lọ́wọ́ Obasanjo ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2007. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Ààrẹ alágbádá yóò gbé ìjọba fún alágbádá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá 2009, àìsàn gbé Yar'Adua lọ sí ilẹ̀ Saudi Arabia. Òfin ti sọ pé bí Ààrẹ kò bá ní sí lẹ́nu iṣẹ́, kí ó kọ lẹ́tà sí àwọn olórí ilé aṣòfin méjèèjì, kí igbákejì rẹ̀ sì di adelé. Lẹ́tà náà kò wá. Òfin kò sì sọ ohun tí a ó ṣe bí kò bá wá. Àwọn mínísítà ní ọ̀rọ̀ kò tí ì dójú ẹ̀ láti sọ pé ara ọ̀gá wọn kò lè gbé iṣẹ́ mọ́. Igbákejì, Goodluck Jonathan, wà ní Àbújá, kò sì ní àṣẹ Ààrẹ lọ́wọ́. Ọjọ́ 78 ni ó wà bẹ́ẹ̀, títí di ọjọ́ 9 oṣù Kejì 2010, tí ilé aṣòfin méjèèjì fi ìpinnu sọ ọ́ di adelé. Yar'Adua kú ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún, wọ́n sì búra fún Jonathan ní ọjọ́ kejì.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tún òfin ṣe: bí ọjọ́ 21 bá kọjá tí lẹ́tà kò dé, ilé aṣòfin yóò fi ìbò sọ igbákejì di adelé. Nígbà tí àìsàn gbé Ààrẹ Buhari lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún 2017, ó kọ lẹ́tà tirẹ̀. Ó lé ní oṣù mẹ́ta kí ó tó dé, Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò sì ń ṣe adelé.

Kí ni ó kan ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nínú èyí? Ní ẹgbẹ́ kan tí a lọ yẹ ìwé rẹ̀ wò, Ààrẹ wọn dùbúlẹ̀ àìsàn, àwọn ọmọ rẹ̀ sì gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ wọn ní ìlú mìíràn. Òun àti akápò nìkan ni báǹkì mọ ìbọwọ́lùwé wọn. Kò fi ìwé kankan sílẹ̀. Igbákejì ní òun kò ní fọwọ́ kan nǹkan, kí wọ́n má baà sọ pé òun ń du oyè mọ́ aláìsàn lọ́wọ́. Oṣù Kẹsàn-án sì ni, owó ilé ìwé ti dé. Àwọn ìyá tí wọ́n ti ń fi owó pamọ́ láti ọdún dé ọdún, tí ẹ̀yáwó wọn ti jáde nínú ìwé ìpàdé, lọ ń yá owó sogúndogójì. Owó tiwọn wà ní báǹkì, kò sí ẹni tí yóò fọwọ́ sí ìwé sọ̀wédowó. Kò sí olè nínú ẹgbẹ́ náà. Kọ́bọ̀ kan kò sọnù. Síbẹ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan kó ìwé wọn, wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Nítorí náà, kí ìpàdé ọlọ́dọọdún tó dé, a bẹ̀ yín, ẹ ṣe nǹkan mẹ́rin. Ẹ kọ ọ́ sínú òfin ẹgbẹ́ iye ọjọ́ tí Ààrẹ, akọ̀wé tàbí akápò lè fi wà lẹ́yìn kí adelé tó gba iṣẹ́ rẹ̀, yálà ó kọ lẹ́tà tàbí kò kọ. Ẹ mú ẹni kẹta lọ sí báǹkì láti fọwọ́ sílẹ̀, kí ó lè jẹ́ pé ẹni méjì nínú mẹ́ta ni yóò máa fọwọ́ sí i. Ibikíbi tí òfin yín bá ti dárúkọ ìdá, ẹ sọ bí a ó ṣe ṣírò rẹ̀. Ìkẹrin, bí olóyè bá ń lọ, kí ó fi ìwé, kọ́kọ́rọ́ àti òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ lé ẹni tí ń bọ̀ lọ́wọ́ níwájú ẹlẹ́rìí, kí akọ̀wé sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin olóyè tí ìbò kò bá sì gbè ní ọdún yìí, ẹ rántí ọjọ́ 31 oṣù Kẹta 2015. Wọn kò tí ì ka èsì ìbò tán nígbà tí Jonathan ti fi tẹlifóònù kí Buhari kú oríire. Kò tí ì sí Ààrẹ tí ó wà lórí oyè tí ó fìdí rẹmi nínú ìbò ní ilẹ̀ wa kí ó tó kàn án.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. A ó máa retí ìwé òfin yín lórí tábìlì nígbà tí a bá dé ọ̀dọ̀ yín.