Bí Ẹni Tó Ní Ásímà Ṣe Lè Dín Ara Kù
Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà sọ

  A mọ̀ pé láti ọjà ni ọ̀pọ̀ yín ti wá, a kò ní pẹ́ jù.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí a ka ìwé tán, ìyá kan bi wá ní ìbéèrè. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin olùkọ́, dókítà ní kí n dín ara kù, kí n máa ṣe eré ìdárayá. Ṣùgbọ́n mo ní ásímà. Bí mo bá rìn díẹ̀, èémí mi a fẹ́rẹ̀ẹ́ pin. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣe é?" Gbogbo kíláàsì dákẹ́. A bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún wa ní ọ̀sẹ̀ kan. Ìdáhùn wa nìyí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan. Ká ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni wọ́n bi wá, ohun tí à bá sọ ni pé, "Màmá, ẹ jókòó jẹ́ẹ́." Bẹ́ẹ̀ gan-an ni a sọ fún ìyá elélùbọ́ kan ní àdúgbò wa ní Ìbàdàn. Ásímà ń yọ wọ́n lẹ́nu, a sì rò pé ìfẹ́ ni a fi bá wọn sọ̀rọ̀. Màmá gbọ́ tiwa. Wọn kò fi ẹsẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù mọ́, ọ̀kadà ni. Ọmọ ni ó ń bá wọn gbé igbá, ọmọ ni ó ń bá wọn pọn omi. Kí ọdún mẹ́ta tó pé, wọ́n ti wọn kílò 98, èémí tí a ní kí wọ́n dáàbò bò sì burú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Láti orí ibùsùn dé ilé ìwẹ̀, wọn a dúró mí lẹ́ẹ̀mejì.

Kí ló fà á? Ẹ jẹ́ kí a wo inú àyà. Àwọn kan ń pe ásímà ní ikọ́ fée. Kì í ṣe tíbì, kì í sì í ran ẹlòmíràn. Ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú ẹ̀dọ̀fóró pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ bí ẹ̀ka igi. Nínú ara ẹni tó ní ásímà, inú àwọn ọ̀nà náà a máa wú. Bí èéfín, eruku, òtútù tàbí ọ̀fìnkìn bá kàn án, iṣan tó yí i ká a fún un pọ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ a sì dí àyè díẹ̀ tó kù. Ìgbà náà ni àyà ń súfèé, bí ìgbà tí atẹ́gùn bá ń gba ihò kọ́kọ́rọ́ kọjá.

Nísinsìnyí, ẹ wá fi sísanra kún un. Ọ̀rá inú ikùn a máa ti iṣan pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ ẹ̀dọ̀fóró sókè, ẹ̀dọ̀fóró kò sì ní ráyè nà bó ti yẹ. Ọ̀rá náà kì í tún ṣe ẹrù lásán. Ó ń tú àwọn nǹkan kan sínú ẹ̀jẹ̀ tí ó lè mú kí ọ̀nà èémí túbọ̀ wú. Ẹni tí kò lè mí kò ní fẹ́ rìn; ẹni tí kò rìn yóò sanra; bí ó bá sì sanra, mímí yóò tún le sí i. Bí a ṣe há ìyá elélùbọ́ mọ́ àárín nìyẹn.

Ohun tó dùn mọ́ wa ni pé kò di dandan kí ènìyàn tín-ín-rín kí ó tó rí ìtura. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti rí i pé bí ẹni tó sanra tó ní ásímà bá dín ìdá 5 sí ìdá 10 kù nínú ìdá 100 ìwọ̀n ara rẹ̀, èémí rẹ̀ a sábà máa dára sí i. Fún ẹni tó wọn kílò 100, kílò 5 sí 10 péré ni. Ásímà kò ní lọ o. Ṣùgbọ́n yóò rọrùn láti kó o níjàánu.

Oògùn ni a ó fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ẹsẹ̀. Ẹ má bínú sí wa. Ìnhélà, ìyẹn oògùn tí à ń fà sí àyà láti ẹnu, oríṣi méjì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rí. Èyí tó sábà máa ń jẹ́ búlúù a máa ṣí ọ̀nà èémí kíákíá, ṣùgbọ́n kì í wo wíwú tó wà nínú rẹ̀. Èkejì ni ó ń dín wíwú náà kù, ojoojúmọ́ ni a sì sábà máa ń lò ó, bí ara le, bí ara kò le. Láti ọdún 2019 ni àwọn àgbà oníṣègùn tó ń ṣe ìlànà ásímà káríayé ti sọ pé kí a má ṣe fi ti búlúù nìkan tọ́jú àgbàlagbà mọ́. Bí ó bá jẹ́ òun nìkan ni ẹ ní, ẹ lọ bi dókítà yín léèrè kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn kankan.

Ọ̀rọ̀ oògùn kan tún wà tó ń bà wá lọ́kàn jẹ́. Ẹ mọ àwọn hóró prednisolone àti dexamethasone. Bí ásímà bá le, dókítà lè fún ènìyàn ní irú rẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, ó sì ń gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń rà á fúnra wọn, wọ́n ń gbé e mì fún oṣù púpọ̀. Oògùn yìí a máa mú kí ebi pa ènìyàn, ojú a wú bàbà, ikùn a yọ, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ a gòkè. Àwọn ará ilé a sì máa kí i kú oríire pé ara rẹ̀ ti dá! Ẹni tó bá ti ń lò ó pẹ́ kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì, nítorí ewu wà níbẹ̀. Kí ó lọ bá dókítà kí wọ́n dín in kù fún un díẹ̀díẹ̀.

Ó dára, a dé orí ìrìn. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Òpó iná ni ìyá elélùbọ́ fi ka tiwọn. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, òpó 5 ní àlọ, òpó 5 ní àbọ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, òpó 7. Bí àyà bá há, wọn a dúró. Bí ó bá ṣú òjò, wọn a jó nínú yàrá pẹ̀lú rédíò. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ijó jẹ́ eré ìdárayá tó dára púpọ̀. Ìrìn náà kò gbọdọ̀ le ju pé ẹ lè sọ̀rọ̀ lọ. Bí ẹ bá lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè kọrin, ó tó bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ń gé lẹ́nu yín, ẹ ti sáré jù. Ẹ fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí ẹ tó yára, kí ẹ sì tún rọra rìn kí ẹ tó jókòó. Bí dókítà bá ní kí ẹ máa fa ti búlúù ṣáájú, ẹ fà á ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 kí ẹ tó jáde. Ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa dé, ó kéré tán. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú 10 lóòjọ́ kò tíì dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti kúrò nílé.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù January kan, tí a kò lè gbàgbé. Ọyẹ́ mú gan-an ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Àwa mẹ́fà ni a jọ ń gun òkè lọ sí apá Màpó, màmá wà láàárín wa, inú wọn dùn, wọ́n fẹ́ bá àwọn ọ̀dọ́ rìn dọ́gba. A kò dé ìdajì òkè tí wọ́n fi dúró, tí wọ́n di àyà mú. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ tútù, ó gbẹ, eruku sì kún inú rẹ̀. Ẹni tó ń fi ẹnu mí gbé gbogbo rẹ̀ sọ sínú àyà láìjẹ́ pé imú bá a sẹ́ ẹ, kí ó sì mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́. A ní, "Màmá, ìnhélà yín dà?" Ó wà nílé. Ọmọ kan sáré lọ mú un wá. A gbọ̀n ọ́n, a tẹ̀ ẹ́, kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ó ti tán, kò sì sí ẹni tó mọ ìgbà tí ó tán. Ètè màmá ti ń yí padà kí a tó rí takisí. Ọlọ́run yọ wọ́n ní ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n àwa tí a kó wọn jáde láìbi wọ́n léèrè oògùn, àwa ni a jẹ̀bi.

Nítorí náà, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Ọ̀pọ̀ ìnhélà búlúù ní ìwọ̀n 200 títẹ̀. Ẹ máa fi bírò kọ iye tí ẹ lò sí ara páálí rẹ̀. Ẹ ti mọ̀wé kọ báyìí, kí ni ẹ ń dúró dè? Ní àkókò ọyẹ́, ẹ fi gèlè tàbí aṣọ bo imú àti ẹnu, kí ẹ sì dúró títí oòrùn yóò fi là. Ẹ má gba ibi tí wọ́n ti ń sun pàǹtí tàbí tí jẹnẹrétọ̀ ti ń tú èéfín. Bí èémí bá dé, kí aláìsàn jókòó ṣánṣán, kí a má dá a dùbúlẹ̀, kí ó sì fa oògùn rẹ̀. Bí kò bá rọ̀, tàbí tí kò lè sọ gbólóhùn kan parí, tàbí tí ètè rẹ̀ ń yí àwọ̀, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀, kí ó sì máa fa oògùn náà lọ́nà.

Bí ara bá sì ro yín lẹ́yìn ìrìn, ẹ má kàn sáré ra oògùn ara ríro. Aspirin àti ibuprofen a máa ta ko ásímà àwọn kan. Ẹ bi apòògùn léèrè, kí ẹ sì sọ fún un pé ẹ ní ásímà.

Ní ti oúnjẹ, a kò ní kí ẹnikẹ́ni pa àmàlà tì. Ta ni yóò tilẹ̀ gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu wa? Ohun tí ìyá elélùbọ́ ṣe ni pé wọ́n yí àwo padà. Òkèlè tó kún àwo tẹ́lẹ̀ wá di ìwọ̀n ìkúùkù wọn kan, ewédú àti ẹ̀fọ́ sì gba àyè tó kù, pẹ̀lú ẹja. Epo tí wọ́n ń dà láti inú kẹ́ẹ̀gì, ṣíbí ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n báyìí, nítorí ṣíbí ọbẹ̀ kan nínú epo ju kálórì 100 lọ. Míńírà ni ó ṣòro jù fún wọn. Ọ̀pọ̀ ìgò 50 cl ní ṣúgà tó nǹkan bí 50 gíráàmù, bíi ṣíbí tíì 12. Kí ẹni tó wọn kílò 80 tó lè fi ìrìn san gbèsè ìgò kan, yóò rìn tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 45. Nígbà tí màmá gbọ́ ìṣirò yìí, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, omi ni kí ẹ bù fún mi." Wọ́n sì ṣíwọ́ oúnjẹ aago mẹ́wàá alẹ́. Bí a bá yó tán tí a dùbúlẹ̀, omi kíkan inú lè padà sókè ọ̀fun, ó sì lè gbé ikọ́ dìde lóru.

Ẹnu ayé ni kò jẹ́ kí ó rọrùn. Bí ènìyàn bá sanra láàárín wa, a ó ní ó ń gbádùn. Bí ó bá fọn díẹ̀, a ó máa sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀. Àbúrò ọkọ ìyá elélùbọ́ wá sílé, ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ ti rù o, ṣé kò sí nǹkan?" Ó burú débi pé màmá padà sí àwo ńlá fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n má baà sọ pé ọmọ wọn kò tọ́jú wọn. A lọ jókòó tì wọ́n. A bi wọ́n pé nígbà tí èémí dé ní Màpó, ta ni nínú àwọn tó ń sọ̀rọ̀ yìí ni ó bá wọn mí? Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n sì fúnra wọn dá àbúrò ọkọ wọn lóhùn lọ́jọ́ kejì: "Mi ò rù, mo ń sọ ẹrù kalẹ̀ ni."

Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, kílò 90 ni wọ́n wọ̀n. Ásímà wọn wà síbẹ̀, ó sì ń jí wọn nígbà mìíràn tí ojú ọjọ́ bá yí. Ṣùgbọ́n wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wọn dé ṣọ́ọ̀bù, láìdúró.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń rò pé ásímà àti eré ìdárayá kì í gbé ilé kan, kí ó gbọ́ nípa Jackie Joyner-Kersee ti Amẹ́ríkà. Ní yunifásítì ni wọ́n ti sọ fún un pé ó ní ásímà. Ó fi í pamọ́, kò sì lo oògùn bó ti yẹ fún ìgbà pípẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ ní gbangba pé àṣìṣe ni. Obìnrin yìí gba góòlù méjì ní Òlíńpíìkì Seoul ní 1988, ó sì tún gba òmíràn ní Barcelona ní 1992. Paula Radcliffe ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ní ásímà láti kékeré, ó sì sáré máratọ́ọ̀nù London ní 2003 ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 15 àti ìṣẹ́jú àáyá 25. A kò ní kí ìyá tó bi wá ní ìbéèrè lọ sáré ní London. Òpó iná márùn-ún ni a ń bẹ̀ wọ́n sí.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́jọ òwúrọ̀, a ó péjọ síwájú kíláàsì yìí. Ìyá elélùbọ́ ń bọ̀, àwọn ni yóò máa ṣíwájú, nítorí wọ́n mọ ìrìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kí olúkúlùkù wọ bàtà tó rọ̀, kí ó mú omi dání. Ẹni tó bá ní ásímà, kí ó so ìnhélà mọ́ etí ìró tàbí kí ó fi í sí àpò. Àwọn olùkọ́ yóò yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí kò bá mú tirẹ̀ wá, a ó dá a padà lọ mú un, a ó sì dúró dè é.