Ìmúra Ẹni Tí Yóò Lọ Sìn Ní Ìletò

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa nípa àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ tí ń lọ sí Imeke



Ẹgbẹ́ wa ti pinnu pé kí díẹ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ lọ lo oṣù mẹ́ta ní Imeke, ní agbègbè Àgbádárìgì, kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé láìgba owó. Ìpinnu náà dára. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, mo bi mẹ́rin nínú wọn léèrè ohun tí wọ́n ti pèsè sílẹ̀. Wọ́n ka bàtà òjò, iná tọ́ọ̀ṣì, àpò gààrí àti oògùn ibà fún mi. Kò sí ẹyọ ẹnìkan nínú wọn tí ó dárúkọ àwọn ènìyàn Imeke. Nítorí èyí ni mo ṣe dìde lónìí. Àwọn àgbà ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó yẹ kí a wo ìlú kí a tó pinnu oore tí a ó ṣe fún un.

Etí òkun Àgbádárìgì fúnra rẹ̀ ti kọ́ àwọn tí ó ṣíwájú wa ní ẹ̀kọ́ yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1845, Henry Townsend, Samuel Àjàyí Crowther àti C. A. Gollmer gúnlẹ̀ síbẹ̀. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ. Ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, tí ó ti gba Townsend tọwọ́-tẹsẹ̀ nígbà àbẹ̀wò rẹ̀ àkọ́kọ́, ti kú, ogun sì ti dí ọ̀nà. Kò pẹ́ tí wọ́n dé ni ìyàwó Gollmer kú sí Àgbádárìgì. Ó tó nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀ kí Townsend àti Crowther tó wọ Abẹ́òkúta ní 1846. Wọn kò fi àkókò ìdúró náà ṣòfò: wọ́n kọ́ ilé, wọ́n kọ́ ọmọ ní ìwé, wọ́n sì kọ́ ìwà àwọn tí wọ́n bá lórí ilẹ̀. Crowther pàápàá, ẹni tí a bí ní Òṣogùn, tí Yorùbá jẹ́ èdè ìyá rẹ̀, ti jókòó ti èdè náà kí ó tó padà wálé, tó bẹ́ẹ̀ tí ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ ti jáde ní 1843. Bí ọmọ onílé bá múra báyìí kí ó tó wọ ilé bàbá rẹ̀, kí ni ó yẹ kí àlejò ṣe?

Ẹ má ṣe rò pé nítorí pé a ń gbọ́ Yorùbá ní Àgbádárìgì, ọ̀rọ̀ ti parí. Àwórì wà níbẹ̀, Ègùn sì wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ègùn ni ó jẹ́ pé èdè tiwọn ni wọ́n ń gbọ́ ní ilé kí wọ́n tó gbọ́ tiwa. Ohun tí mo fẹ́ sọ wàyí, ojú ń tì mí láti sọ ọ́.

Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, nígbà tí mo jẹ́ ọ̀dọ́ olùkọ́, a rán mi sí abúlé kan ní etí ọ̀sà. Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì mi tí kì í dá mi lóhùn. Bí mo bá bi í ní ìbéèrè, ilẹ̀ ni yóò máa wò. Mo pè é ní olórí kunkun, mo sì nà án lẹ́gba lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ìyá rẹ̀ gbé ẹja yíyan wá sí ilé mi, ó kúnlẹ̀, ó sì sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ tí n kò gbọ́. Mo rẹ́rìn-ín, mo gba ẹja. Ó di ẹ̀yìn oṣù méjì kí àgbàlagbà kan tó là mí lọ́yẹ pé obìnrin náà wá bẹ̀ mí kí n ní sùúrù, nítorí ọmọ òun kò tíì gbọ́ Yorùbá. Nígbà náà ọmọ ọ̀hún ti fi ilé-ìwé sílẹ̀, ó ti ń bá ìyá rẹ̀ yan ẹja. Mo jẹ ẹja ẹ̀bẹ̀, n kò sì gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Kì í ṣe etí nìkan ni a ń múra sílẹ̀, a ń múra ẹnu pẹ̀lú. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1961, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ Peace Corps láti Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Nàìjíríà, ọ̀kan nínú wọn, Margery Michelmore, kọ káàdì láti Ìbàdàn sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì sọ bí ìgbé-ayé ìlú náà ti burú lójú rẹ̀. Káàdì náà bọ́ sí ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn. Inú bí wọn, wọ́n fi ẹ̀hónú hàn, ó sì di dandan kí obìnrin náà padà sílé. Kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí kí ó tó mọ ìdí rẹ̀ ni. Lónìí, fóònù tí ó wà lápò ọ̀dọ́ kọ̀ọ̀kan ni káàdì náà. Ẹni tí ó bá ya àwòrán ọmọ aláìwọ bàtà láti fi gba ìyìn ní Èkó ti sọ olùgbàlejò rẹ̀ di ẹni ẹ̀sín.

Nítorí náà mo mú ìmọ̀ràn mẹ́rin wá. Èkíní, kí àwọn aṣojú ẹgbẹ́ kọ́kọ́ lọ kí baálẹ̀ àti àwọn àgbà, kí wọ́n bi wọ́n ohun tí wọ́n ń fẹ́; bí ó bá ṣe ohun mìíràn ni wọ́n ń fẹ́ yàtọ̀ sí olùkọ́, kí a gbọ́. Èkejì, kí àwọn ọ̀dọ́ náà jókòó ti ẹni tí ó gbọ́ Ègùn títí wọn yóò fi lè kí ènìyàn, dúpẹ́, tọrọ gáfárà, kí wọ́n sì bi ọmọ pé, “Ṣé ó yé ọ?” Ẹ̀kẹta, kí wọ́n sùn nínú àwọ̀n ẹ̀fọn, kí wọ́n se omi kí wọ́n tó mu ún, kí wọ́n sì mọ ọ̀nà ilé-ìwòsàn tí ó súnmọ́ wọn jùlọ, nítorí olùrànlọ́wọ́ tí ó dùbúlẹ̀ àìsàn ti di ẹrù fún ẹni tí ó wá ràn lọ́wọ́. Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n má ṣe ṣe ìlérí tí oṣù mẹ́ta kò lè gbé, kí wọ́n sì fi ọmọ ìlú kan ṣe alábàáṣiṣẹ́ láti ọjọ́ kìíní, kí iṣẹ́ má bàa bá wọn wọ ọkọ̀ ní ọjọ́ ìpadàbọ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò wí pé ìjọba ti ń rán àwọn àgùnbánirọ̀ káàkiri láti ọdún 1973, àti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni wọ́n ń lò ní àgọ́ kí wọ́n tó lọ. Òótọ́ ni, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ọdún kan gbáko ni iṣẹ́ tiwọn; bí wọ́n bá ṣìṣe ní oṣù kejì, àyè wà láti tún un ṣe ní oṣù kẹjọ. Àwọn tiwa kò ní oṣù kẹjọ.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí a sún ìrìn-àjò yìí síwájú títí a ó fi ṣe nǹkan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí. Yóò dun àwọn ọ̀dọ́ wa, nítorí wọ́n ti di ẹrù wọn. Ẹ ó wí pé àwọn ọmọ ń dúró. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ń dúró. Ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ olùkọ́ tí yóò gbọ́ ohùn wọn ni yóò dé bá wọn. Bí ọmọbìnrin tí mo sọ yìí bá wà láàyè, ó ti tó ẹni tí ń rán ọmọ tirẹ̀ lọ sí ilé-ìwé. Ẹ má jẹ́ kí irú mi kọ́ ọmọ náà.

Ọlọ́run yóò fún wa ní ọgbọ́n àti sùúrù. Ire o.