Oúnjẹ tí a jẹ ní Los Angeles

Wọ́n ní kí àwa méjèèjì wá sọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ títà, torí pé kì í ṣe àná la ti wà nídìí rẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé àwọn ọmọ wa fẹ́ ara wọn, àna la jẹ́ síra wa. Ní ọdún 2018, ìyàwó bímọ ní Los Angeles ní Amẹ́ríkà, a sì jọ lọ tọ́jú ọmọ. Lọ́jọ́ kan, àwọn ọmọ ní àwọn máa mú wa lọ jẹun níbi tí wọ́n ń pè ní Kogi. Ọ̀kan nínú wa bú sẹ́rìn-ín, ó ní ṣé Lọ́kọ́ja ni wọ́n ń mú wa lọ ni. Kì í ṣe Kogí tiwa o. Ẹran ni àwọn ará Kòríà ń pè bẹ́ẹ̀.

A múra, a wé gèlè. Ìgbà tí a débẹ̀, ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ni, láàárín àwọn ṣọ́ọ̀bù mìíràn tó tò síra lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. À ń wo ọ̀tún wo òsì, à ń wá ibi tí ìyókù ilé oúnjẹ náà wà. Wọ́n ní ó parí síbẹ̀.

Búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi àgbàdo ṣe ni wọ́n gbé wá, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Taco ni orúkọ rẹ̀, oúnjẹ àwọn ará Mẹ́síkò ni. Ṣùgbọ́n ẹran ìhà màlúù tó wà nínú rẹ̀, bí àwọn ará Kòríà ṣe ń ṣe é ni: wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi ẹ̀wà sóyà oníyọ̀ pẹ̀lú ṣúgà àti áyù, kí wọ́n tó yan án. Wọ́n gé ẹ̀fọ́ lé e lórí. Kimchi náà wà níbẹ̀, ìyẹn kábéèjì tí wọ́n fi iyọ̀, ata àti áyù pa mọ́ títí ó fi kan. Òórùn rẹ̀ kò lè ba ẹni tó ti ṣí igbá irú rí lẹ́rù. Ó dùn. Ata rẹ̀ ni kò débì kan, àmọ́ ata gbígbẹ wà nínú báàgì wa, a ò sì tijú.

Ẹ má rò pé irú àdàlù yìí ṣàjèjì sí wa. Àgbàdo, ata, ẹ̀gẹ́, láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn ti wá kó tó di pé a gbà wọ́n ṣe tiwa. Índómì tí àwọn ọmọ ń yọ wá lẹ́nu lé lórí, láti Indonéṣíà ni.

Àwọn ọmọ wá sọ bí ilé oúnjẹ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní 2008, ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Alásè kan tó ń jẹ́ Roy Choi wà lára wọn. Seoul ní Kòríà ni wọ́n ti bí i, Los Angeles ló ti dàgbà, àwọn òbí rẹ̀ sì ti ta oúnjẹ rí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Mark Manguera, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì rí, ló mú àbá wá pé kí wọ́n fi ẹran Kòríà sínú taco. Wọn ò yá ilé. Ní oṣù kọkànlá, wọ́n gbé ọkọ̀ kan tí ààrò wà nínú rẹ̀ jáde, nǹkan bí dọ́là 2 ni taco kan. Wọ́n á fi Twitter sọ ibi tí ọkọ̀ máa dúró sí lálẹ́, àwọn èèyàn á sì tò bí ẹni ń tò fún epo bẹntiróò.

Ẹ̀yin tí àwọn agbófinró ń lé kiri, ẹ gbọ́ èyí náà. Àwọn ará Mẹ́síkò ti ń fi ọkọ̀ ta taco níbẹ̀ tipẹ́. Ní 2008 yẹn kan náà, àwọn aláṣẹ agbègbè Los Angeles ṣòfin pé ọkọ̀ oúnjẹ tó bá dúró lójú kan ju wákàtí kan lọ lè san dọ́là 1,000 tàbí kí ẹni tó ni ín ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ọ̀rọ̀ dé kóòtù, adájọ́ sì fagi lé òfin náà kí ọdún tó parí.

Ọdún 2010 ni Roy Choi tó ṣí ilé oúnjẹ kan, Chego, tó ń ta ìrẹsì inú abọ́. Ó wá di 2016 kí Kogi fúnra rẹ̀ tó ní ṣọ́ọ̀bù tí a jókòó sí yìí. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò! Wọn ò sì tìtorí ṣọ́ọ̀bù pa ọkọ̀ tì. Ọkọ̀ ṣì ń jáde.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, oorun ò tètè kùn wá. Ẹnì kan ló ń wá sí wa lọ́kàn. A ò ní dárúkọ rẹ̀, torí ó wà níbí. Ní 2016, ó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà ní gáréèjì, lórí tábìlì kan lábẹ́ agbòjò. Kí aago mẹ́wàá tó lù, ìkòkò ti gbẹ. Àwa méjèèjì wà nínú ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó nígbà náà. Àwa la sọ fún un pé òwò rẹ̀ ti kọjá abẹ́ agbòjò, kó lọ gba ṣọ́ọ̀bù lójú títì. Ó gba ẹ̀yáwó, ó san owó ilé ọdún méjì, ó ra jẹnẹrétọ̀ àti àga, ó sì kúrò ní gáréèjì. Èrò ọkọ̀ ò ní sọ̀ kalẹ̀ kó máa rìn lọ sójú títì torí ìrẹsì. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ẹlòmíràn ti gbé tábìlì síbi tirẹ̀. Kí ọdún tó parí, ó ti ta jẹnẹrétọ̀, ọmọ rẹ̀ àgbà sì jókòó sílé fún táàmù kan. A lọ sin ín lówó, àwa náà. Ọ̀kan nínú wa tiẹ̀ sọ nínú ìpàdé pé kò mọ òwò ṣe.

Ó mọ̀ ọ́n ṣe. Àwa la gbà á nímọ̀ràn tí kò dáa.

Lọ́sàn-án yìí, ẹ máa dìbò lórí ẹ̀yáwó àwọn olóúnjẹ. Fọ́ọ̀mù náà ní kí ẹni tó fẹ́ owó mú rìsíìtì ṣọ́ọ̀bù wá. A bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká yọ ọ́ kúrò. Ẹni tó ń gbé igbá kiri, ẹni tó fẹ́ ra kúlà tàbí tún ààrò ṣe, kóun náà lè yáwó. Ẹni tó bá sì fẹ́ ṣọ́ọ̀bù, kí ìgbìmọ̀ bi í pé ta ni máa dúró nídìí tábìlì tó fẹ́ fi sílẹ̀. Akápò wa ò fara mọ́ ọn, ó ní ẹni tí kò ní ṣọ́ọ̀bù lè gbé owó ẹgbẹ́ sá lọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbọ́dànù, ìdí nìyẹn tí a fi ní kí wọ́n mú onígbọ̀wọ́ méjì wá dípò rìsíìtì.

Ní ti arábìnrin wa, ó ti padà sí gáréèjì, lápá ibi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀. Kòrónà 2020 tún dá a padà sẹ́yìn, ó sì ku díẹ̀ lọ́rùn rẹ̀. Àwa méjèèjì ti gbà láti fi èrè tiwa ti ọdún yìí san án. Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.