Àbámọ̀ Lórí Iṣẹ́ Tá A Ò Ṣe

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ la mú wá, àti àbámọ̀ tó ń tẹ̀ lé e.

Ní 1995, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá méjì ní Amẹ́ríkà, Thomas Gilovich àti Victoria Medvec, ṣàlàyé pé láìpẹ́ sígbà tá a yan nǹkan, èyí tá a ṣe tí kò yọrí sí rere ló máa ń dùn wá jù. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, èyí tá a ò dán wò ló ń gba oorun lójú ẹni. Èyí tá a ṣe, a ó tún un ṣe, tàbí ká gba kámú. Èyí tá a ò ṣe kò lópin lọ́kàn.

Bá a bá yan iṣẹ́ kan, a ti fi òmíràn sílẹ̀ nìyẹn. Ẹ wo Fẹlá, gbajúgbajà olórin nì: ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1958 láti kọ́ ìṣègùn. Ṣùgbọ́n orin ló yàn. Olikoye àti Beko, ọmọ ìyá rẹ̀, di dókítà. Inú ilé kan náà ni o!

Lójú tèmi, adùn iṣẹ́ tá a ò ṣe nìkan là ń rí. Ẹni tó ń kábàámọ̀ pé òun ò kọ́ iṣẹ́ télọ̀, kó lọ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ nígbà tọ́dún bá ku ọ̀la: iná ti lọ, aṣọ ẹbí wà nílẹ̀ gègèrè, oníbàárà ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà.