Nígbà Tí Ìlù Ọkàn Kò Bá Lọ Déédéé

(Ọ̀rọ̀ ìlera tí a sọ níbi ìpàdépọ̀ ẹgbẹ́ wa)

Ìgbìmọ̀ ní kí n má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ gùn, nítorí ìrẹsì ti ń ta sánsán. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo mú wá: ẹ mọ bí ọkàn yín ṣe ń lù.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ na ọwọ́ òsì yín. Ẹ fi ìka méjì ọwọ́ ọ̀tún tẹ ọrùn ọwọ́ náà, ní ìhà àtàǹpàkò. Iṣan kan ń lù níbẹ̀. Ẹ kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́, 60 sí 100 ló sábà máa ń kà. Ṣùgbọ́n iye nìkan kọ́ là ń wá. Ṣé ó ń lọ ní ìtẹ̀léra, bí ẹsẹ̀ wa nígbà tí a bá tò láti asẹ́ńbílì lọ sí kíláàsì? Bó bá ń sáré, tó ń dúró, tó tún ń fò láìsí ètò, ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Yàrá mẹ́rin ló wà nínú ọkàn, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Láti òkè ni àṣẹ ti ń wá pé kí ọkàn fún pọ̀. Nínú àrùn tí àwọn dókítà ń pè ní atrial fibrillation, àṣẹ yìí á di rúdurùdu. Yàrá òkè á kàn máa gbọ̀n. Ẹ̀jẹ̀ á dúró sójú kan, á sì dì. Bí èyí tó dì bá já lọ sí ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ dé nìyẹn. Ewu rọpárọsẹ̀ lára ẹni tó ní àrùn yìí tó ìlọ́po márùn-ún ti ẹni tí kò ní in. Bí ẹnì kan bá wá ṣubú ní balùwẹ̀ láàárọ̀, àwọn ará ilé á ní ayé ló ṣe é. Bẹ́ẹ̀, ọkàn rẹ̀ lè ti máa ṣi ìlù lù tipẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án wò.

Kí ló ń fà á? Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ògúnná gbòǹgbò. Ọjọ́ orí wà níbẹ̀, ọtí àmujù wà níbẹ̀, àti àrùn ọ̀fun ìgbà èwe tó ba ilẹ̀kùn ọkàn jẹ́.

Ẹ̀rọ ECG ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Willem Einthoven, ará Hólándì, ló gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1924. Kò dun ni rárá. Ṣùgbọ́n ọkàn dà bí ọmọ aláriwo: bí tíṣà bá wọlé, á dákẹ́. Nítorí náà, dókítà lè ní kí ẹ gbé ẹ̀rọ kékeré Holter kọ́ra fún ọjọ́ kan tàbí méjì.

Oògùn wà tó ń dín eré ọkàn kù, òmíràn kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ẹni tó bá ń lo warfarin gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò déédéé. Kó má sì da àgbo pọ̀ mọ́ ọn láìsọ fún dókítà. Apixaban àti irú rẹ̀ kò nílò àyẹ̀wò yẹn, dókítà ló mọ èyí tó bá yín mu. Aspirin kò lè rọ́pò wọn. Ẹ má sì torí pé ara ti yá kí ẹ dá oògùn dúró fúnra yín.

Bí ọkàn bá ń falẹ̀ jù tí ènìyàn ń dákú ńkọ́? Wọ́n lè fi ẹ̀rọ pacemaker sí i lára. Arne Larsson, ará Sweden, lẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fi í sí lára, ní 1958. Ó gbé ayé títí di 2001, ó sì kú lẹ́ni ọdún 86.

Bí ẹnu ẹnì kan bá ṣàdédé wọ́, tí apá rẹ̀ rọ, tàbí tó dákú, ọsibítù tààrà ni o! Ẹ má yà síbòmíràn.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹ kọ́ ìyàwó, ọkọ àti ọmọ yín ní ohun tí a ṣe lónìí, kí wọ́n máa ka ìlù yín bí ẹ ti ń ka tiwọn. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí a fẹ́ ara wa kù nígbà tí wọ́n bá tún pe orúkọ wa nínú rẹ́jísítà.