Ìsọ̀ Kékeré Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ilé Ìtajà Ńlá

Nígbà tí Shoprite ṣí ilé ìtajà rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Èkó lọ́dún 2005, ẹ̀rù ba ọ̀pọ̀ ìyá onísọ̀. Lọ́dún 2021, ilé iṣẹ́ Gúúsù Áfíríkà náà ta ẹ̀ka rẹ̀ ní Nàìjíríà. Kì í ṣe àwọn ìyá onísọ̀ ló lé e lọ o, àmọ́ àwọn náà ò kógbá wọlé.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, kí ló gbé wọn ró? Kì í ṣe ẹ̀dínwó. Ilé ìtajà ńlá ń kó ọjà ní tìrélà-tìrélà, wọ́n sì ń dín owó fún un. Ẹni tó ń ra páálí méjì tó ní òun náà á máa dínwó yóò jẹ owó ọjà run.

Inú ìwọ̀n ni ọgbọ́n wà. Ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ ò tó àpò ìrẹsì lè ra dérìcà kan ní aago mẹ́wàá alẹ́, kí wọ́n bu òróró sínú ọ̀rá fún un, kó mú Maggi mẹ́ta lé e. Bí onísọ̀ bá ṣírò rẹ̀ dáadáa, èrè orí dérìcà sábà máa ń ju ti odidi àpò lọ.

Àwìn ńkọ́? Ó ń mú oníbàárà padà wá, ṣùgbọ́n inú ìwé ni kó wà: orúkọ, iye owó, ọjọ́ tí yóò san án. Àwìn tí wọn ò kọ sílẹ̀ ti ti ọ̀pọ̀ ìsọ̀ pa.

Onísọ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ládùúgbò kan náà sì lè da owó pọ̀ bí ẹni dá àjọ, kí wọ́n ra ogún àpò ìrẹsì lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n jọ san owó ọkọ̀.