Òṣùwọ̀n Igbó Jíjẹ ní Òkè Òkun

Òfin Nàìjíríà ka igbó léèwọ̀, a kò sì wá yìn ín níhìn-ín. Òṣùwọ̀n ni ọ̀rọ̀ wa.

Ní 2014 ni ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà ṣí ilé ìtajà igbó fún àgbàlagbà, títí kan èyí tí a pò mọ́ ṣokoléètì. Igbó tí a fà, kíá ni í dé orí. Èyí tí a jẹ ní láti gba inú àti ẹ̀dọ̀ kọjá, ó sì lè tó wákàtí 2 kí agbára rẹ̀ tó hàn. Ẹni tí kò mọ̀ a rò pé kò ṣiṣẹ́, a sì tún bù jẹ. Ní ọdún náà gan-an, Maureen Dowd, akọ̀wé ìwé ìròyìn New York Times, jẹ ṣokoléètì bẹ́ẹ̀ ní Denver. Ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé wákàtí 8 ni òun fi ká jọ sórí ibùsùn, tí òun sì gbà pé òun ti kú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó sọ fún un pé ọ̀nà 16 ni ó yẹ kí ẹni tí kò jẹ ẹ́ rí pín in sí. A kò kọ ìyẹn sára páálí rẹ̀!

Òfin Colorado gba mílígíráàmù 10 èròjà THC fún ẹ̀là kan, àti 100 fún páálí kan. Kánádà, ní 2019, fi 10 mọ fún odindi páálí. Ti Kánádà tẹ́ wa lọ́rùn jù. Ẹni tí igbó ti mọ́ lára lè ráhùn pé 10 kò dé òun níbi kan. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè ra páálí kejì. Ṣùgbọ́n àlejò tí ó ti gbé 100 mì kò ní ọ̀nà tí yóò fi dá a padà.